Ìlà tó wọ àárín òkè àti obìnrin: bí kanji kan ṣe dé inú kọ̀ǹpútà láìní kíkà

Ní ọdún 1978, ilẹ̀ Jàpáàn gbé ìwé ìlànà kan jáde tó ń jẹ́ JIS C 6226. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fún kanji 6,349, ìyẹn àwọn àmì ìkọ̀wé Jàpáàn tó ti Ṣáínà ṣẹ̀ wá, ní nọ́ńbà, kí kọ̀ǹpútà kan lè kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí òmíràn, kí ohun tí olùkọ̀wé kọ sì jẹ́ ohun tí ẹni tó gbà á máa rí. Àtẹ kan ni wọ́n tò wọ́n sí, ọ̀wọ́ 94, ipò 94 nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀wọ́ 54, ipò 12, àmì yìí ló jókòó síbẹ̀: 妛.

Ẹ tẹjú mọ́ ọn. 山, òkè ńlá, ló wà lórí. 女, obìnrin, ló wà nísàlẹ̀. Ìlà kan dùbúlẹ̀ gbọọrọ láàárín àwọn méjèèjì. Ìlà yẹn ni àkọsílẹ̀ yìí dá lé, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ wá ibi tí wọ́n ti ń lo àmì náà títí, wọn ò rí i. Wọ́n wá bí wọ́n ṣe ń kà á, wọn ò rí ìyẹn náà. Síbẹ̀ gbogbo kọ̀ǹpútà ilẹ̀ Jàpáàn ló gbé e sínú, ọdún 19 sì kọjá kí wọ́n tó tọpa rẹ̀ dé orísun.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí kanji ṣe ń ní kíkà, ìyẹn ìró tí wọ́n ń pè é. Kanji tó ti Ṣáínà wá sábà máa ń ní oríṣi kíkà méjì. On'yomi ni ìró tí àwọn ará Jàpáàn gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Ṣáínà láyé àtijọ́, tí wọ́n sì tún pè lọ́nà tó bá ahọ́n tiwọn mu. Kun'yomi ni ọ̀rọ̀ Jàpáàn pọ́ńbélé tó ní ìtumọ̀ kan náà, tí wọ́n gbé wọ àmì náà. Torí náà 山 ń jẹ́ san, ó sì tún ń jẹ́ yama. Àmọ́ àwọn kanji kan wà tí wọn ò ti Ṣáínà wá. Ilẹ̀ Jàpáàn gan-an ni wọ́n ti ṣẹ̀dá wọn, kokuji sì ni orúkọ wọn. Kò sí ará Ṣáínà tó pè wọ́n rí tí èèyàn fi máa gbọ́ ìró rẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò ní on'yomi rárá. 峠, ibi tí ọ̀nà orí òkè ti dé ṣóńṣó kó tó máa sọ̀ kalẹ̀, tōge nìkan ló ń jẹ́. 辻, oríta, tsuji ló ń jẹ́. Àwọn díẹ̀ yàtọ̀: 働, iṣẹ́ ṣíṣe, ń jẹ́ hataraku, ó sì ní on'yomi dō torí pé 動 tó wà nínú rẹ̀ ń jẹ́ dō. 腺, àmì tí oníṣègùn Udagawa Genshin ṣẹ̀dá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800 fún ẹ̀yà ara tó ń pèsè omi bí itọ́ àti òógùn, sen ló ń jẹ́, kódà àwọn ará Ṣáínà ti gbà á lò, xiàn ni wọ́n ń pè é.

Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé kíkà kokuji máa ń wá láti ara bí wọ́n ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí kò bá mọ ilé tí kokuji ti wá kò lè fi ojú lásán wo àmì náà kó sì sọ bí wọ́n ṣe ń pè é.

Ilé tí àmì tiwa yìí ti wá nìyí. Ní Kawachi, ní ìlú Taga, agbègbè Inukami, ìpínlẹ̀ Shiga, ibì kan wà tó ń jẹ́ Akenbara. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni 𡚴原. Àmì kìíní jẹ́ 山 lórí 女, kò sí ìlà kankan láàárín. (Bí ẹ̀rọ yín bá fi àpótí òfìfo hàn dípò rẹ̀, ìdí rẹ̀ ń bọ̀.) Àmì kejì, 原, ni hara, ìyẹn pápá. Akebi ni irúgbìn afà kan tó máa ń lọ́ mọ́ igi nínú igbó orí òkè. Èso rẹ̀ aláwọ̀ elésè àlùkò máa ń là fúnra rẹ̀ bó bá pọ́n, funfun inú rẹ̀ á sì yọ síta. Láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ti ń fi àmì méjì, 山女, kọ orúkọ èso yìí. Kì í ṣe pé 山 ń jẹ́ "ake" tí 女 sì ń jẹ́ "bi". Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé ka orí àmì méjèèjì pa pọ̀.

Èdè Jàpáàn máa ń lọ láti òkè wá sísàlẹ̀ lórí ìwé. Bí àmì méjì bá ń tẹ̀ léra wọn lójoojúmọ́ nínú orúkọ kan, ọwọ́ akọ̀wé á máa sún wọn mọ́ra títí wọ́n á fi di ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ ni 麻呂 ṣe di 麿 (maro), tí 久米 di 粂 (kume), tí 木工 sì di 杢 (moku). Bẹ́ẹ̀ náà ni 山女 ṣe di 𡚴. Ní ti ìró rẹ̀, akebi àti hara pàdé: "h" di "b" nítorí pé ó bọ́ sí àárín ọ̀rọ̀, "bi" sì wọ inú imú, ó di "n". Akebi-hara di Akenbara. Irú àyípadà kan náà ló wà nínú yobite tó di yonde, ẹ̀kọ́ tí gbogbo ẹni tó ń kọ́ èdè náà máa ń bá pàdé ní kùtùkùtù. Kò sí ohun ìjìnlẹ̀ kankan nínú àmì yìí fún ẹni tó bá mọ̀ pé akebi ló wà nídìí rẹ̀.

Báwo ni ìlà ṣe wọ inú rẹ̀? Àwọn tó ṣètò ìwé 1978 kò jókòó kí wọ́n máa ronú kan kanji láti orí. Wọ́n pa àwọn àkójọ tó ti wà nílẹ̀ pọ̀. Ìwé náà dárúkọ mẹ́rin: àkójọ àbá tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe ní 1971, àwọn kanji inú Kokudo Gyōsei Kukaku Sōran, ìwé gbàǹgbà tó kó orúkọ ibi gbogbo ní ilẹ̀ Jàpáàn jọ, àwọn kanji orúkọ èèyàn tí ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò Nippon Life ń lò, àti àkójọ tí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ètò ìṣàkóso ṣe ní 1975. Láti inú ìwé orúkọ ibi ni 𡚴 ti wá. Ó dára bẹ́ẹ̀, torí pé bí ìjọba bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà kọ àdírẹ́sì, dandan ni kí orúkọ abúlé wà níbẹ̀.

Ìṣòro ni pé kò sí irin ìtẹ̀wé tó ní 𡚴. Ohun tí àwọn akọ̀wé ń ṣe nígbà náà bí irú àmì bẹ́ẹ̀ bá yọjú ni pé wọ́n á wá àwọn ẹ̀yà rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n ti tẹ̀, wọ́n á gé wọn, wọ́n á sì lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Wọ́n gé 山, wọ́n gé 女, wọ́n lẹ ọ̀kan sórí èkejì, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Etí bébà tí wọ́n gé náà ní ìnípọn díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ kọlu etí yẹn, òjìji rẹ̀ sì jáde lórí ẹ̀dà náà bí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó kàn tó gba ẹ̀dà náà lọ́wọ́ rí òkè, ìlà, obìnrin. Ó dà á kọ bó ṣe rí i. Kò ṣe àṣìṣe kankan nínú iṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹni tó ti rí ibi tí "ọkọ̀" ti di "ọkọ" nínú ìwé torí pé ẹ̀rọ kan gbé àmì ohùn mì yóò mọ bí ìlà kékeré ṣe lágbára tó. Ní ti Akenbara, ìlà kan ló wọlé, kì í ṣe pé ó sọnù.

Ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti mú àṣìṣe yìí ni ìgbà tí wọ́n ń to àtẹ, èmi sì gbà pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tó tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí wà. Wọ́n pín kanji sí ìpele méjì. Ìpele kìíní ní àmì 2,965, àwọn tí èèyàn ń lò jù, ìró ni wọ́n sì fi tò wọ́n, láti 亜 (a) dé 腕 (wan). Bí ẹ bá fẹ́ fi àmì kan sí ìpele yìí, ìbéèrè kìíní ni pé: kí ló ń jẹ́? Kokuji pàápàá gbọ́dọ̀ dáhùn. 働 wà láàárín àwọn tó ń jẹ́ dō. 峠, tí kò ní on'yomi, fi kun'yomi rẹ̀ wá àyè: ẹ̀yìn 銅 (dō) ló wà, iwájú 鴇 (toki). Àmì tí kò bá lè sọ orúkọ ara rẹ̀ kò ní ibi tó máa dúró sí.

Ìpele kejì ní àmì 3,384, wọn kò sì fi ìró tò wọ́n. Bushu ni wọ́n lò, ìyẹn apá tí wọ́n fi ń pín kanji sí ìdílé nínú ìwé atúmọ̀, wọ́n sì ka iye ìlà tó kù. Níbí, kò sẹ́ni tó máa bèèrè pé kí ló ń jẹ́. Kéèyàn ṣáà ti lè ka ìlà ti tó. Ẹ wo àwọn tó yí 妛 ká: 屹, 岌, 岑, 岔, 妛, 岫, 岻. Ìdílé 山 ni gbogbo wọn. Bí ẹ bá yọ 山 kúrò lára 岔, ìlà mẹ́rin ló kù; lára 岫, márùn-ún ló kù. Ẹ yọ 山 kúrò lára 妛: ìlà kan, àti 女 tó jẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Òjìji bébà ni wọ́n kà mọ́ ọn. Ká ní 𡚴 ni wọ́n ní lọ́wọ́, mẹ́ta ló máa kù, ẹ̀gbẹ́ 屹 lókè ibẹ̀ ló sì máa wà. Lẹ́yìn náà, nígbà tí Unicode, ìwé ìlànà tó ń fún àmì àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà, kó àwọn kanji yìí jọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ìdílé 女 ni wọ́n fi 妛 sí, ní U+599B. Ìwé ìlànà kan pè é ní ọmọ òkè, èkejì pè é ní ọmọ obìnrin. Kò sí ìtàn ìdílé tó lè bá wọn dá ẹjọ́ náà. Àmọ́ nínú Unicode pẹ̀lú, ìlà mẹ́rin ni wọ́n kà lẹ́yìn 女, torí náà òjìji ọ̀hún ṣì ń bá wọn lọ.

Àìní kíkà kò dá àwọn ẹ̀rọ dúró. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń tẹ kanji lórí kọ̀ǹpútà ni kéèyàn kọ ìró rẹ̀, kí ẹ̀rọ gbé àmì wá. Àwọn tó ń ṣe ètò yẹn kò lè fi àyè kíkà sílẹ̀ lófìfo. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ sí 妛 ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí irú rẹ̀: wọ́n wá àmì Ṣáínà àtijọ́ tó jọ ọ́, wọ́n sì yá ìró ìyẹn fún un. Shi ni wọ́n kọ síbẹ̀, chī sì ni nínú àkójọ ti Ṣáínà. Ìró méjèèjì kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú Akenbara. Ìpalára irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ti àyè òfìfo lọ, torí pé ẹni tó bá ka "shi" nínú àtẹ kò ní wádìí mọ́.

Ní àwọn ọdún 1990 ni wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti tún ìwé ìlànà náà ṣe. Orúkọ rẹ̀ ti di JIS X 0208 láti 1987. Shibano Kōji ni alága, Sasahara Hiroyuki tó mọ̀ nípa kokuji wà lára wọn. Àwọn èèyàn ti ń pe àwọn àmì aláìnílé wọ̀nyí ní yūrei moji, àmì iwin. Ìgbìmọ̀ náà kọ̀ láti jókòó ti ìwé atúmọ̀ nìkan. Wọ́n rí àkọsílẹ̀ ìjọba kan tó jẹ́ ti 1974, tó ṣàlàyé inú àkójọ wo ni àmì kọ̀ọ̀kan ti jáde, èyí tí ìwé 1978 kò sọ. Àkọsílẹ̀ yẹn ló yí ọ̀rọ̀ padà. Dípò kí wọ́n máa bèèrè pé kí ni àmì yìí túmọ̀ sí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé ojú ìwé wo ni wọ́n ti gé e. Wọ́n padà sínú ìwé orúkọ ibi, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò lójú ewé, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń pè ní iwin jẹ́ orúkọ abúlé, odò àti oko tó wà lóòótọ́. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀ ní ti orúkọ èèyàn, torí pé àkójọ tí wọ́n mú un jáde kò sí mọ́. Ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Méjìlá ló kù tí wọn ò rí orísun tó dájú fún bí wọ́n ṣe rí gan-an nínú àtẹ: 墸, 壥, 妛, 彁, 挧, 暃, 椦, 槞, 蟐, 袮, 閠, 駲. Wọ́n lè sọ ohun tó jọ pé ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú wọn. 椦 jọ 橳 tí wọ́n ṣì kọ, àmì tó wà nínú Nudeshima ní ìlú Maebashi. 閠 jọ 閏. 妛 ló ní ìtàn tó ṣe kedere jù, torí pé ibi tí 𡚴 wà nínú ìwé orúkọ ibi hàn, bí wọ́n ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ra náà sì hàn. 彁 nìkan ni kò sí àmì kankan tó jọ pé òun ni bàbá rẹ̀.

Ẹnì kan lè rò pé ohun tó kàn ni kí wọ́n nu ìlà náà kúrò. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣe é re. Ní 1983, àtúnṣe kan ti pààrọ̀ ipò kanji bíi méjìlélógún pẹ̀lú ìkejì wọn láàárín ìpele kìíní àti ìkejì, 檜 àti 桧 wà lára wọn, wọ́n sì yí bí nǹkan bí 300 ṣe rí padà. Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé fáìlì kan náà ń fi àmì kan hàn lórí ẹ̀rọ àtijọ́, ó ń fi òmíràn hàn lórí ẹ̀rọ tuntun. Orúkọ èèyàn ń yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Nítorí náà ìgbìmọ̀ 1997 fi 54-12 sílẹ̀ bó ṣe wà pẹ̀lú ìlà rẹ̀, wọ́n sì kọ àlàyé nípa rẹ̀ sínú àfikún ìwé náà. Nígbà tí JIS X 0213, ìwé ìlànà tuntun tó fẹ àtẹ náà lójú, jáde ní 2000, wọ́n fún 𡚴 ní àyè tirẹ̀. Ní 2001 ó wọ Unicode 3.1, ní U+216B4. Akenbara wá ní àmì tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ọdún 22 lẹ́yìn tí òjìji rẹ̀ ti wọlé.

Ibi tó bọ́ sí nínú Unicode ló fa àpótí òfìfo tí mo mẹ́nu bà lókè. 妛 gba báìtì mẹ́ta ní UTF-8, ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nọ́ńbà Unicode: E5 A6 9B. 𡚴 gba mẹ́rin: F0 A1 9A B4. Nínú UTF-16, ọ̀nà mìíràn, ẹyọ méjì ló ń jẹ́, D845 àti DEB4, ìdí nìyẹn tí JavaScript fi máa ń sọ pé gígùn rẹ̀ jẹ́ 2. Fọ́ńtì tí kò bá ní àwọn kanji JIS X 0213 kò ní lè yà á. Bí ẹ bá sì yí i padà sí Shift_JIS ti Windows, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń tọ́jú èdè Jàpáàn, àmì ìbéèrè ló máa ń dà, nígbà tí 妛 yóò kọjá láìsí wàhálà. Ìdí gan-an nìyẹn tí àwọn àkójọ àdírẹ́sì àtijọ́ fi lè gbé èyí tí kò tọ̀nà, tí wọn ò lè gbé èyí tó tọ̀nà.

Fún ẹni tó ń bójú tó àkójọ orúkọ ibi tàbí orúkọ èèyàn ti ilẹ̀ Jàpáàn, iṣẹ́ tí ọ̀ràn yìí fi lélẹ̀ pọ̀. Bí àmì tí ẹ ò mọ̀ bá yọjú, ẹ má fi ojú nìkan dá a mọ̀. Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀ jáde kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Nínú Python, hex(ord('妛')) yóò fún yín ní 0x599b. Bí ó bá wà lára àwọn méjìlá tó wà lókè, ẹ kà á sí àṣìṣe títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí tó yàtọ̀. Ẹ wá bí wọ́n ṣe fi kana, àwọn àmì Jàpáàn tó ń kọ ìró nìkan, kọ orúkọ náà nínú àkọsílẹ̀ ìlú tó ni ín, kẹ́ ẹ sì tọ́jú kana yẹn sí àyè tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kanji, torí pé òun ni ẹ̀rí tí ìwé 1978 kò gbé dání. Níbi tí kana ò bá sí, ẹ fi àyè kíkà sílẹ̀ lófìfo. Ẹ má yá ìró àmì tó jọ ọ́. Ẹ má rọ́pò 妛 pẹ̀lú 𡚴 lẹ́ẹ̀kan náà nínú gbogbo fáìlì o: bí ìwé kan bá ń sọ̀rọ̀ nípa 妛 fúnra rẹ̀, bí irú èyí, ẹ ó ba ìwé náà jẹ́. Ẹ kọ èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sí àyè kan, kẹ́ ẹ kọ èyí tó tọ̀nà sí òmíràn.

Ní ti MySQL, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkójọ, utf8 àtijọ́ rẹ̀ kò gbà ju báìtì mẹ́ta lọ. Bí ẹ bá fi 𡚴原 sínú rẹ̀, yálà kó kọ̀ ọ́, tàbí, bí ẹ ò bá tan ipò tó le koko (strict mode), kó gé ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀, kí 原 náà sì bá a lọ. utf8mb4 ni kẹ́ ẹ lò. Ìyẹn nìkan kò sì tó: pẹ̀lú utf8mb4_general_ci tàbí utf8mb4_unicode_ci, àwọn ìlànà tí ẹ̀rọ fi ń fi ọ̀rọ̀ wéra, gbogbo àmì oníbáìtì mẹ́rin ló dọ́gba lójú ẹ̀rọ nígbà tó bá ń wá nǹkan, torí náà bí ẹ bá wá 𡚴原, ó lè gbé abúlé mìíràn wá fún yín. utf8mb4_bin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sì sí ètò ìmúdọ́gba kankan nínú Unicode tó so 妛 mọ́ 𡚴. Ẹni tó bá ń wá Akenbara nínú fáìlì tó ti pẹ́ gbọ́dọ̀ wá nọ́ńbà méjèèjì, kó sì wá あけんばら pẹ̀lú.